Dagrin: Akọrin Ẹ̀yìnkùlé tí Ó Dé Ojúde

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó sọ Ọládàpọ̀ Ọláìtán Ọláònípẹ̀kun lórúkọ wo ilé wọn, wọ́n sì rí ọlá níbẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì gbé ọlá dání. Èkíní ní ọlá dà pọ̀ mọ́ ọlá, èkejì ní ọlá kì í tán, ẹ̀kẹta ní ọlá kò ní ìpẹ̀kun. Síbẹ̀, ẹni tí a fún ní orúkọ wọ̀nyí kò pé ọgbọ̀n ọdún láyé tí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2010 ni ó dágbére fún ayé ní ìlú Èkó. Orúkọ tí ó fi ń kọrin ni gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Dagrin ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa fajú ro báyìí. Wọn yóò ní kí ni ìtàn olórin ráàpù wá ṣe nínú ìwé tí ó yẹ kí á ti máa ka ìtàn àwọn ògbóǹtarìgì bí D. O. Fágúnwà àti J. F. Ọdúnjọ. N kò bá wọn jà. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé bàbá mi, mo sì tún gbọ́ ọ ní yunifásítì. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún ni pé kí wọ́n fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kí wọ́n tó dá ẹjọ́, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Bí a bá wọ agbo ilé Yorùbá, ojúde ni a ó kọ́kọ́ bá. Ibẹ̀ ni a ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni onílù ń dúró sí kí ó tó kì wá. Ẹ̀yìnkùlé wà lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń dáná, ibẹ̀ ni adìyẹ ti ń jẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọdé ti ń ṣe eré tí wọn kò fẹ́ kí àgbà rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin hip-hop pín sí méjì. Orin ojúde ni èyí tí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ń gbé sí afẹ́fẹ́, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi polówó ọjà, tí a ń tìtorí rẹ̀ fún ènìyàn ní ẹ̀bùn. Orin ẹ̀yìnkùlé ni èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń dá láàárín ara wọn, tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nínú yàrá kótópó, tí ó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láìsí ẹni tí ó sanwó fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtìjú ni kí orin ti ẹ̀yìnkùlé wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí hip-hop fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a bí ní Jàmáíkà, tí wọ́n ń pè ní DJ Kool Herc, ń lo àwo orin níbi àríyá tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe nínú ilé alájùmọ̀gbé kan ní Bronx, ní New York. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìbẹ̀rẹ̀ hip-hop sí. Ó di ọdún 1979 kí àwo Rapper's Delight ti àwọn Sugarhill Gang tó gbé e dé ojúde.

Nígbà tí orin yìí dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ráàpù gbà pé ẹni tí kò bá lè lọ́ ahọ́n bí ará Amẹ́ríkà kò mọ iṣẹ́. Lóòótọ́, ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn Remedies ti ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú orin wọn, Lord of Ajasa náà sì ti ń fi Yorùbá ráàpù kí òkìkí Dagrin tó kàn. N kò ní purọ́ pé Dagrin ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo irú orin bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún sì ní igun méjì. Ní igun kan ni a ti rí irú Modenine, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ẹ̀bùn Headies fún ọnà ọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n tí ọjà kò sáré tẹ̀lé e. Igun kejì ni ti àwọn tí a ní Yorùbá wọn kò mọ́ tó láti wọ rédíò. Igun kejì yìí ni Dagrin ti jáde.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Àdúgbò Méìrán, ní Alágbàdo, níbi tí Èkó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ Ògùn, ni a mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ jù lọ. Títì Èkó sí Abẹ́òkúta gba apá ibẹ̀ kọjá. Onídáńfó, ọlọ́kadà, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ìyá tí ń ta ògì, àlùfáà àti wòlíì, gbogbo wọn ni ohùn wọn pàdé níbẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ kì í ṣe èdè inú ìwé. Yorùbá ni, àmọ́ ó ti jẹ Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn yó kí ó tó jáde lẹ́nu. Èdè yìí ni Dagrin bá nílẹ̀, òun náà ni ó sì fi ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2006 ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Still on the Matter ni ó pè é. Àwo náà kò rìn jìnnà. Ẹlòmíràn ì bá jáwọ́ nínú orin, tàbí kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Dagrin tẹra mọ́ èdè àdúgbò rẹ̀. Òun àti Sossick, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ìlù í tò fún olórin, jọ ṣiṣẹ́, nígbà tí ó sì di ọdún 2009, àwo kejì jáde. Orúkọ rẹ̀ ni C.E.O.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí ni a fi ń pe ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́, ẹni tí ń wọ kóòtù, tí ń jókòó sínú yàrá tí ó tutù ní Victoria Island. Dagrin gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ wọn. Ó yọ ìtumọ̀ èyí tí ó kẹ́yìn kúrò, ó sì fi ọmọ ìta rọ́pò rẹ̀. Chief Executive Omoita ni ó pe ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń lé kúrò ní ojúde ni ó fi joyè níbẹ̀.

Orin Pon Pon Pon gba ìgboro kan. Kondo náà ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti Omawumi ni wọ́n jọ kọ Thank God. Kò pẹ́ tí orin tí à ń gbọ́ ní ibùdókọ̀ fi di orin tí à ń gbọ́ níbi ìgbéyàwó, lẹ́nu àwọn tí kò dé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ni ó rí ṣe? Gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè, èrò tèmi nìyí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, fáwẹ̀lì wa kò sì pọ̀. Nítorí náà, kí ìparí ìlà méjì dún bákan náà, tí ó jẹ́ iṣẹ́ ńlá fún ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì ráàpù, kò ná ọmọ Yorùbá ní nǹkan púpọ̀. Ẹni tí ó bá gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé èyí, orin rẹ̀ yóò tètè súni. Ohùn ọ̀rọ̀ ni Dagrin gbé tirẹ̀ lé. Nínú orin kíkọ, orin lè fa ọ̀rọ̀ kúrò lórí ohùn rẹ̀ títí ìtumọ̀ yóò fi dàrú. A ti gbọ́ irú rẹ̀ nínú àwọn orin ìsìn àtijọ́ tí a túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ráàpù sún mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ sì lè dúró ní àyè wọn. Dagrin lo àǹfààní yìí dáadáa. Ó ń fi ohùn òkè ko ohùn ìsàlẹ̀ lójú, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà lò pẹ̀lú ìtumọ̀ mìíràn, ó ń yangàn bí ọdẹ tí ń sun ìjálá, ó sì ń na ọ̀tá lẹ́gba ọ̀rọ̀ bí ẹlẹ́fẹ̀ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ wa nínú ewì alohùn ni, ibi tí a ti bá a nìkan ni ó yàtọ̀.

N kò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Ọmọ ọdún 7 ni mí ní ọdún 2010, Agége ni à ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, inú fóònù rẹ̀ kékeré ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ Dagrin. Ó ní ìwé kan tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ orin tirẹ̀ sí. Bí ó bá ti gbúròó bàbá wa, kíá ni yóò pa fóònù, tí yóò sì ki ìwé bọ abẹ́ ibùsùn. Bàbá kò fẹ́ gbọ́ orin yìí rárá. Wọ́n ní orin àwọn jàgùdà ni, àti pé ẹni tí ó bá kọ ọ́ nínú ilé àwọn yóò bá ara rẹ̀ níta. Àpàlà ni orin tiwọn, pàápàá jù lọ ti Àyìnlá Ọmọwúrà. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Àyìnlá ni à ń jí gbọ́.

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún náà, ọkọ̀ Dagrin kọlu ọkọ̀ ńlá kan tí ó dúró lójú títì ní Mushin, nítòsí àgọ́ ọlọ́pàá Alákara. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ni ó kú sí ní ọjọ́ kẹjọ. Itẹ́ òkú Àtàn ní Yábàá ni wọ́n sin ín sí ní ìparí oṣù náà. Ọdún púpọ̀ ni ó fi jìyà ní ẹ̀yìnkùlé, oṣù díẹ̀ péré ni ó sì fi jókòó ní ojúde.

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà kan ilé wa, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sunkún bí ẹni tí ó pàdánù ọmọ ìyá rẹ̀. Bàbá ti dìde láti bá a wí. Ìyá àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi lọ́mọ, ni wọ́n pè wọ́n padà, tí wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbàgbé ọdún 1980. Ibẹ̀ ni ìtàn ti tú síta. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni Àyìnlá Ọmọwúrà kú níbi ìjà kan nílé ọtí ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni bàbá mi nígbà náà, wọ́n sì sunkún títí ojú wọn fi wú. Pàṣán ni bàbá àgbà fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Lójú bàbá àgbà, olórin àwọn awakọ̀ àti àwọn jàgídíjàgan ni Àyìnlá, kò yẹ kí ọmọ tí a kọ́ nílé máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Bàbá mi kò fèsì. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí ó tan orin náà kí àwọn gbọ́. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń yọjú. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dọ̀tí. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò pa fóònù mọ́ nítorí bàbá. Nígbà tí mo dàgbà ni mo ṣírò rẹ̀, tí mo rí i pé ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni ó kù kí ikú Àyìnlá pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí Dagrin kú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní ọdún 2010 kan náà, C.E.O. gba ẹ̀bùn Headies fún àwo ráàpù tí ó dára jù lọ. Ẹni tí ó ni ẹ̀bùn kò sí láyé láti gbà á. Ní ọdún 2011, wọ́n gbé fíìmù Ghetto Dreamz jáde lórí ìgbésí ayé rẹ̀. Orin rẹ̀ kan sì wà, If I Die, tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ikú ara rẹ̀. Nítorí orin yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ó ti rí ikú rẹ̀ ṣáájú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Akéwì Yorùbá kì í sá fún ọ̀rọ̀ ikú, ẹni tí ó bá ti tẹ́tí sí ìjálá mọ̀. Ẹni tí ó sì ń gbé níbi tí ikú ti ń rìn lójú títì lójoojúmọ́ kò nílò kí ó ríran kí ó tó dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó là kò dí mọ́. Ibẹ̀ ni Olamide gbà kọjá, tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Rapsodi, jáde ní ọdún 2011. Reminisce gbé Book of Rap Stories jáde ní ọdún 2012. Ní ọdún 2015, àwọn méjèèjì àti Phyno, tí ó ń fi Ìgbò ráàpù, jọ kọ orin kan tí wọ́n pè ní Local Rappers. Orúkọ tí a fi ń tẹ́ wọn ni wọ́n gbà, tí wọ́n sì fi ṣe oríkì. Ọgbọ́n tí Dagrin fi gba lẹ́tà mẹ́ta nìyẹn. Nígbà tí ó fi di ọdún 2023, Asake, tí ó gba ọ̀dọ̀ Olamide dé ojúde, kọrin ní gbọ̀ngán O2 ní London, èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, Yorùbá sì ni ó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á tan ara wa. Èdè ẹ̀yìnkùlé ti dé ojúde, àmọ́ ráàpù fúnra rẹ̀ ti ń padà sí ẹ̀yìnkùlé. Orin ijó ni ó gba ojúde lónìí. Olórin tí ó bá fẹ́ jẹun yóò dín ọ̀rọ̀ kù, yóò sì fi kún ìlù. Àwọn tí ó ṣì ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ bí Dagrin ti tò ó, orí fóònù ni mo ti ń rí ọ̀pọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń ráàpù fún ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn fún ìgbà díẹ̀. Ó ti di ọ̀gá mẹkáníìkì báyìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ń kọ orin sí wà lọ́wọ́ mi, mo ti kà á, mo sì mọ ohun tí kò dé ojúde.

N kò ní kí á fi Dagrin bọ òrìṣà. Bàbá mi kò purọ́ mọ́ ọn. Ìsọkúsọ wà nínú orin rẹ̀, àwọn kan sì wà níbẹ̀ tí n kò ní fẹ́ kí àbúrò mi obìnrin máa kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú orin ọdún Òkèbàdàn náà, a sì ń kọ́ ọ nínú kíláàsì gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀. Kí á bá Dagrin wí níbi tí ó bá ti kù díẹ̀ káàtó, kí á má ṣe torí ìyẹn sọ pé kò sí ọgbọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ó kàn mí láti yan ohun tí n ó fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, mo ní èdè inú orin ráàpù ni mo fẹ́ kọ lé lórí. Olùkọ́ kan ní kí n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Olùkọ́ mìíràn ní kí n kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ inú orin kan sílẹ̀, kí n fi àmì ohùn sí i, kí n wá fi han àwọn. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀-èdè kankan tí mo ní. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo pè lórí fóònù. Ó ń túmọ̀ wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo ẹ́ńjìnnì ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò dé yunifásítì ni ó di olùkọ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo mú iṣẹ́ náà padà lọ, olùkọ́ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbà kí n máa bá a lọ.

Ìdí tí mo fi kọ ìtàn yìí nìyẹn. Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá jókòó sí ojúde, tí a ń retí kí èdè wẹ̀, kí ó wọ kóòtù kí ó tó wá kí wa, yóò gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lọ, a kò sì ní rí i. Mo dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀rọ̀ ìgboro jọ sínú ìwé, àti pé nígbà tí a bá tún ń ṣe ọ̀sẹ̀ àṣà, kí á ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ àdúgbò tí ń ráàpù bí a ti ń ránṣẹ́ pe onírárà àti oníjàálá. Ọdún mọ́kànlélógójì kọjá lórí ikú Àyìnlá kí Túndé Kèlání tó gbé fíìmù Ayinla jáde ní ọdún 2021. Kí á má jẹ́ kí Dagrin dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa.

Ọláìtán ni wọ́n sọ ọ́. Òun ti ṣe ipa tirẹ̀ kí ọlá náà má baà tán. Ó ku tiwa.